Yàrá Ẹni Méjì Lórí Omi

Ìyàwó mi ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe èmi. Òwú, bọ́tìnì àti síìpù ló ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀, á wá bá mi ní ìsọ̀ tèmi ní Ìta Fájì, níbi tí mo ti ń kan férémù àwòrán, a ó sì jọ rìn lọ sí Marina láti lọ gba atẹ́gùn. Ibẹ̀ la ti ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wọ èbúté Àpápá. Èmi ń wo bí wọ́n ṣe to àpótí ẹrù léra wọn, bóyá ó gún, bóyá kò gún. Òun ń wo àwọn fèrèsé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹnì kan ń sùn lẹ́yìn ìyẹn," ló máa ń wí.

Inú fóònù ẹnì kan lọ́jà ló ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé èèyàn nìkan ló ń gbé, tí àwọn èèyàn náà kò sì lọ síbì kankan ju ìgbádùn lọ. Á gbé wọn láti ìlú kan dé òmíràn, á sì tún dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn. Mo ní tó bá dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn, ibo wá ni wọ́n lọ?

"Ẹ̀yin náà ṣá," ó ní. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń rìn, bẹ́ẹ̀dì yín ló ń rìn. Ẹ máa sùn ní ìlú kan, ẹ máa jí ní òmíràn, aṣọ yín á ṣì wà lórí ìkọ́ tẹ́ ẹ fi í kọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá sì jí, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí la fẹ́ jẹ."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìgbà tó kú tán ni mo tó ro gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn yẹn dáadáa. Èmi ni mò ń bi í. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi bi í láràárọ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tó ti kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlú kan lápá Ọ̀yọ́ ni mo ti wá sí Èkó láti wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ kíláàsì, iléèwé ìrọ̀lẹ́ ni, ìyàwó mi ló sì fọwọ́ tì mí lẹ́yìn wọlé. Inú ilé kan náà la gbé láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ilé àtijọ́ kan tí àjà rẹ̀ jẹ́ pákó, àwa lókè. Ayálégbé pọ̀ lókè yẹn nígbà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó lọ, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó aṣọ sínú yàrá tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Nígbà tó yá, èmi nìkan ni mo kù lókè, láàárín àwọn yàrá tí wọ́n kó dìpọ̀ aṣọ sí dé àjà. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n onílé ń gbé, ìyá àgbàlagbà kan tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Mo máa ń kí i tí mo bá ń lọ, mo máa ń kí i tí mo bá ń bọ̀. Òun á ní, "Ará Òkè, o ti dé." Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lójúmọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti ìyàwó mi bí, obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni nílùú àwọn Òyìnbó. Mo ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí, lọ́dún tó tẹ̀ lé ikú ìyá rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ á lọ sí iléèwé, èmi á sì jókòó ti fèrèsé títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún ní kí n wá, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó pè mí bó ṣe máa ń pè mí ní gbogbo Sọ́ńdè.

"Bàámi, mo fẹ́ fi yín sínú ọkọ̀ ojú omi."

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tí Màámi máa ń sọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni. Spéènì lẹ ti máa wọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ló máa dá yín padà sí."

"Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

"Ẹ ò wá nǹkan kan. Ẹ kàn máa sinmi ni. Bàámi, ìgbà wo lẹ sinmi kẹ́yìn?"

"Mò ń sinmi. Mi ò kì í ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè tẹ́ ẹ fi ń fọṣọ? Ṣé ẹ ò fọṣọ báyìí? Mò ń gbọ́ omi."

Mo ti ẹ̀rọ omi pa. 

"Ẹ ṣáà lọ bi wọ́n," ó ní. "Béèrè lásán ni."

Ọ́fíìsì tó júwe fún mi wà ní Òníkàn, àwọn tó ń báni ṣètò ìrìnàjò ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú ló dá mi lóhùn. Ó fún mi ní omi tútù, ó mú bírò.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń lọ, sà?"

"Àwa méjì," ni mo wí.

Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ọ.

"Orúkọ màdáámù ńkọ́?"

Mo wo tábìlì. "Ẹ má bínú. Ẹnì kan ni."

Ó gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè ohunkóhun mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Ó wá ṣàlàyé pé yàrá inú ọkọ̀ náà, fún ẹni méjì ni wọ́n ṣe gbogbo wọn. Ẹni tó bá dá nìkan lọ, á san ti ẹnì kejì mọ́ ọn.

"Kí ló dé?"

"Ibùsùn kejì náà ń wọ ọkọ̀, sà."

Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Ó fi ilé oúnjẹ hàn mí, tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ mẹ́jọ, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn tí kò mọra wọn jókòó pọ̀. Ó fi àtẹ̀gùn hàn mí. Mo ní kó dúró níbẹ̀ kí n wo igi tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú, nítorí pé ó tẹ̀ kọrọdọ láti òkè délẹ̀, mi ò sì rí ojú ìdè kan lára rẹ̀. Mo bi í pé tí ọkọ̀ bá ń yí kiri, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tí Mẹ́kà wà láti kírun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì bi òun rí. Ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó ní wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n inú yàrá máa ń fi ibi tí ọkọ̀ kọjú sí hàn.

"Tí èèyàn bá wá sọnù ńkọ́?"

"Ẹ ò lè sọnù, sà. Káàdì ni wọ́n máa fún yín. Tẹ́ ẹ bá jáde, wọ́n á mọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọlé, wọ́n á mọ̀. Tí àkókò bá wá tó tí wọn ò rí yín, wọ́n á máa pe orúkọ yín káàkiri inú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe oníbàárà wa kan. Inú ilé ìgbẹ́ ló wà!"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ti bà mí níbì kan. Láti bí ọdún kan ni mo ti ń ro ó pé tí mo bá ti ilẹ̀kùn mi lálẹ́ Mọ́ńdè, tí mi ò sì jí, ọjọ́ wo ni wọ́n máa tó mọ̀? Mi ò sunkún lé e lórí. Bí mo ṣe ń wọn pákó ni mo ṣe ń wọ̀n ọ́n. Àwọn oníbàárà á ní mo lọ sí ìlú wa. Àwọn tó ń kó aṣọ lókè kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi á pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Sọ́ńdè ni mo fi í sí.

Ibi kan wá nìyí tí wọ́n á ti pe orúkọ mi kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ọmọ mi pé mo máa lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé nítorí ìyá rẹ̀ ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó fẹ́ rìnrìnàjò kì í pariwo rẹ̀ kí ẹlẹ́nu má fẹnu bà á jẹ́. Mo lọ tẹ̀ka fún físà, mo ní mo lọ ra gíláàsì. Físà jáde, mo fi í sábẹ́ àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún, nítorí pé òun ni olórí ilé wa báyìí, kò sì yẹ kí n sọdá òkun láì jẹ́ kó ṣàdúà fún mi. Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, mo kírun àárọ̀ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kí Màmá tó jáde síta, mo sì wọ mọ́tò lọ sí ìlú wa.

Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ lò. Àṣé ibà ti dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀, mi ò lè fi í sílẹ̀. Iná kò sí nílùú, fóònù mi kú. Mi ò wá ibi tí màá ti gba iná sí i. Mo ní ta ló fẹ́ pè mí kí Sọ́ńdè tó dé?

Ọ̀sán Sátidé ni mo padà. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní ọ̀nà àbáwọlé. Bó ṣe rí mi, ó dìde. Mi ò rí i kó yára dìde bẹ́ẹ̀ rí.

"Ará Òkè! Ṣé ìwọ nìyẹn àbí òkú ẹ?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ilé."

"Má kí mi kú ilé o! Ibo lo lọ?"

"Mo lọ sílé wa."

"Ta lo sọ fún?"

Mo gbé àpò mi kalẹ̀.

"Mo ní ta lo sọ fún! Túsìdeè lálẹ́, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ lórí àjà. Wẹ́sìdeè, mi ò gbọ́. Mo ní kí wọ́n pe fóònù ẹ, obìnrin inú fóònù ló ń dá wa lóhùn. Mo ní ó ti parí. Ará òkè ti kú mọ́ mi lórí!"

"Màmá, ẹ máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Pákó kọ́ ni àbí kí ni? O máa ń rìn lọ síbi omi. O máa dúró. O máa padà. Ìgbà tí mo bá gbọ́ pé o ti padà ni mo máa ń tó dìde lórí ibùsùn."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó aṣọ lókè dá sí i. "Bàbá, ẹ̀yin náà ò ṣe dáadáa. Wọ́n ti pe Àáfà. Àáfà ti múra ìwẹ̀ òkú wá. Nígbà tá a fọ́ ilẹ̀kùn tá ò bá ẹnikẹ́ni, inú bí wọn."

"Kí ló ń bí i nínú?" ni Màmá wí. "Ṣé ó fẹ́ kó kú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì, mo gòkè lọ. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ìdè rẹ̀, wọ́n fi í ti ògiri. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ló lè rí inú yàrá. Ìró ìyàwó mi ṣì wà lórí ìṣó níbi tó fi í kọ́ sí. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀rí méjì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan ní ojú ibi tí orí ń tẹ̀, èkejì kò ní. Gbogbo ilé ti rí i. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n bá níhòòhò. Mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdè ilẹ̀kùn ṣe.

Mo gbọ́ ohùn ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń dúró, ó tún ń bọ̀. Màmá ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó di ògiri mú, ó ń mí gúlegúle, ó wo inú yàrá.

"Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án," ó ní. "Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ mú ìró yẹn kó fi bo ojú fèrèsé. Mo ní tó bá kàn án, èmi àti ẹ̀ ni."

Mo ń kan ìṣó. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá," mo ní, "mo fẹ́ lọ sórí òkun."

"Òkun? Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ sinmi ni. Ọkọ̀ ńlá kan ni, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn."

"O mọ lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá."

"Ará òkè tí ò mọ lúwẹ̀ẹ́ fẹ́ lọ sùn lórí òkun. Àwa tí wọ́n bí sétí ọ̀sà, ilẹ̀ la ń sùn sí." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́wàá nínú ọkọ̀. Mẹ́ta fún àlọ àti àbọ̀."

"Mẹ́tàlá." Ó yí padà sí àtẹ̀gùn. "Má sọ fún ẹlòmíì o."

Mo lọ. Òótọ́ sì ni ohun tí ìyàwó mi sọ. Bẹ́ẹ̀dì ló ń rìn. Èèyàn á sùn, nǹkan kan á máa mì ín díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pọn ọmọ, á sì jí síwájú ìlú tí kò mọ̀ rí. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi lórí ìkọ́ jọ ń fì sápá kan, wọ́n jọ ń padà. Mo ń fi àwòrán ọkọ̀ tó ń rìn lórí tẹlifíṣọ̀n wá ibi tí màá kọjú sí kírun. Tí mo bá forí kanlẹ̀ tán, ọkọ̀ á ti yí díẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá máa ń fi ṣokoléètì kan sórí ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé ẹnì kan ni mí. Ó ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi méjì síbẹ̀.

Lórí tábìlì oúnjẹ, tọkọtaya mẹ́ta ni mo bá jókòó, pẹ̀lú obìnrin àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Wọ́n yá mọ́ mi. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti wá, wọ́n bi mí níṣẹ́ mi. Wọ́n bi mí nípa ìyàwó mi, mo ní ó wà nílé. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, a gúnlẹ̀ sí ìlú kan tó wà lórí òkè. Wọ́n ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí gbogbo èèyàn ti padà sínú ọkọ̀. Mo rìn díẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkúta kan níbi tí mo ti ń rí ọkọ̀. Aago mẹ́rin lù. Mi ò dìde. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, irọ́ kan náà tí mo pa fún ọmọ mi. Mo mọ ohun tí mò ń dúró dè.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ lù, mo gbọ́ gbohùngbohùn láti inú ọkọ̀. Orúkọ ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan ni. Wọ́n tún pè é. Àwọn méjèèjì sáré kọjá níwájú mi, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, àpò ọjà ń lù wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn tó wà lókè ọkọ̀ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ohùn yẹn kò yí padà rárá. Ó ń pe orúkọ wọn bí ìgbà tí èèyàn bá ń ka àkọlé ara ògiri. Tó bá kan tèmi, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe pè é, kò tilẹ̀ ní lè pè é dáadáa. Mo dìde. Mo fi káàdì mi sí ẹ̀rọ, ó ké, àwòrán mi yọ, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì ti ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Mo gun òkè pátápátá. Ọmọ mi ti bá mi fi ìlà kan sínú fóònù tó máa ń ṣiṣẹ́ tí a bá wà ní èbúté. Mo fi pe Màmá, ẹni tí mi ò pè rí láyé mi. Ó gbé e.

"Ta nìyẹn?" Ó ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí n gbọ́ láìsí fóònù.

"Èmi ni, Màmá. Oníférémù."

"Ará Òkè! O ò tíì rì?"

"Mi ò tíì rì."

"Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?"

"Ó pọ̀ jù."

"Ata wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí."

"Mo mọ̀." Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wọ́ nǹkan wúwo nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Òkè yẹn ti dákẹ́ jù. Mo máa ń jí, mo máa ń tẹ́tí, ìgbà tó bá yá ni mo máa ń rántí pé o ò sí."

Mo fọwọ́ di irin etí ọkọ̀ mú.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," ó ní.

"Ó ku márùn-ún, Màmá."

"Mẹ́rin ni. Àbí ìwọ lò ń kà á ni?"

Mo ní mẹ́rin ni. Ó ti pa fóònù. Mo dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi kúrò létí èbúté, tí àwọn ilé orí òkè yẹn fi di kékeré. Lẹ́yìn náà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tó wà lórí tábìlì bi mí bóyá mo gbádùn ìlú náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n délé.